Òtútù òkè Obudu: ìgbádùn àlejò, ìnira onílé

Ẹni tó ń làágùn ní Calabar lè máa wá ẹ̀wù òtútù lórí òkè Obudu, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Cross River kan náà ni méjèèjì wà. Gíga ilẹ̀ ló fà á. Òkè náà ga tó nǹkan bíi 1,600 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Bí a bá sì ti gòkè tó 1,000 mítà, ooru a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius dín kù.

Ojú ọjọ́ yìí àti pápá koríko tó tẹ́ rẹrẹ ni àwọn ọmọ Scotland rí tí wọ́n fi dá ọgbà màlúù sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1951. Àwọn afẹ́ ló tẹ̀lé e. Ní ọdún 2005, ìdíje eré sísá gun òkè bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ta wáyà tí yóò máa gbé èrò gòkè. Ọ̀nà ilẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ débi pé òòyì lè kọ́ni.

Ṣùgbọ́n òtútù tí àlejò ń sanwó fún, àwọn Becheve tó ń gbé orí òkè náà ń bá a yí lọ́dọọdún. Igi ni wọ́n fi ń dáná yá. Igbó inú àfonífojì, lẹ́bàá odò, ni igi wà, igbó yìí náà ló sì ń jẹ́ kí omi òjò ráyè wọ ilẹ̀ lọ sí orísun. Bí wọ́n bá gé e tán, àgbàrá a gbá ilẹ̀ lọ, odò tí abúlé ń pọn a sì fà nígbà ẹ̀rùn. Wọ́n ti ya apá kan igbó náà sọ́tọ̀, àmọ́ ẹni tí a ní kó má gégi ṣì ní láti yáná lálẹ́.