Aṣọ Kan, Oríṣiríṣi Rírán: Ìdí Ọkọ̀ Oníná tí Hyundai Tẹ́, àti Àwa Ará Ìjẹ̀bú

Ẹni tí ó bá ti dúró rí ní gbàgede Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, nígbà tí àwọn Régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ń kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti lọ júbà Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ń jó sí ìlù, tí eruku sì ń sọ lálá, yóò ti rí ohun kan tí ojú kì í sábà dúró lé: aṣọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kan pawọ́ pọ̀ rà, síbẹ̀ agbádá ni lágbájá fi tirẹ̀ rán, dàńṣíkí ni tàmẹ̀dù fi ṣe, obìnrin kan sì dá ìró àti bùbá láti ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò wò wọ́n tí kò ní mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Ọgbọ́n yìí, tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwa Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ni ilé iṣẹ́ Hyundai ti Kòríà ti Gúúsù ń lò báyìí fún àwọn ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn, mo sì gbà pé òun ni yóò sọ bóyá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù wa tàbí kò ní dé.

Kí á kọ́kọ́ yà sí Òjó, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Bàdágìrì. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ìjàpá, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn roboto tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ìgbà náà fi ń yangàn, ti jáde sí títì. Lẹ́yìn tí àwọn ará Jámánì ti kógbá wọlé, tí ilé náà sì bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ Stallion, orí ilẹ̀ kan náà ni a ti wá to ọkọ̀ oníná Hyundai Kona, tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021. Bí bátìrì rẹ̀ bá kún, ilé iṣẹ́ náà ní ó lè rin kìlómítà 482. Èyí ni pé ẹni tí ó bá gbéra láti Òkè-Àjẹ́, tí ó ná ọjà l'Ékòó, tí ó sì padà wá sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, yóò ṣì ní agbára tí yóò tún gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: náírà mílíọ̀nù 24 ni wọ́n ń pè é nígbà náà.

Kí ló mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Bátìrì ni àkọ́kọ́, nítorí kò sí ẹ̀yà kan lára ọkọ̀ oníná tí ń gba owó tó o. Ohun kejì, èyí tí mo fẹ́ kí á dúró tì, ni ìdí ọkọ̀, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ṣáásì, tí a kì í rí nítorí pé gbogbo ohun yòókù ló jókòó lé e lórí. Kona kò ní ìdí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọkọ̀ epo ni nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2017, ìgbà tí ó di ọdún kejì ni ti oníná tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì sì ní láti pín ara kan náà lò, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ilé tí a kọ́ fún ṣọ́ọ̀bù ṣe ibùgbé: ó ṣeé gbé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sí níbi tí ó yẹ.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni Hyundai àti Kia, tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan, wá fi ìdí tuntun han ayé, wọ́n sì sọ ọ́ ní E-GMP. Ẹ fi ojú inú wo ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Bátìrì ni ó sùn gbalaja sí àárín rẹ̀, láti ìdí táyà iwájú títí dé ti ẹ̀yìn. Mọ́tò iná jókòó sí ẹ̀yìn, bí olówó bá sì ń fẹ́ agbára sí i, wọn a fi òmíràn sí iwájú. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí páìpù èéfín, kò sí irin gbọọrọ tí ó la abẹ́ ọkọ̀ kọjá, nítorí náà ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ pálọ̀. Àrà tí ó wà níbẹ̀ ni pé a lè na ẹní yìí kí ó gùn, a sì lè ká a kí ó kúrú: láti àárín táyà iwájú sí àárín ti ẹ̀yìn, mílímítà 2,900 ni Kia EV6, 3,000 ni Ioniq 5, 3,100 ni EV9 tí ìjókòó rẹ̀ tò sí ìlà mẹ́ta. Bátìrì pẹ̀lú ń tóbi, ó sì ń kéré, bí wọ́n bá ti fi àpótí kún un tàbí tí wọ́n yọ kúrò. Orí ìdí yìí náà ni Genesis GV60 ti àwọn ọlọ́lá ti wá, àti Ioniq 6 tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ti ẹja, àti Ioniq 9 tí a ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ìyá yìí ni wọ́n fi ọdún mẹ́ta léraléra gba oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní àgbáyé: Ioniq 5 ní 2022, Ioniq 6 ní 2023, EV9 ní 2024.

Àwa tí a dàgbà nígbà Pijó 504 kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí. Ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní Kàdúná, ọkọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni, ọkọ̀ èrò tí ń gbé wa lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin ni, ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó iṣu wọ ọjà sì ni. Ìrísí wọn yàtọ̀ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí ó bá bàjẹ́ lára ọ̀kan, a lè yọ ọ́ lára èkejì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìlú kékeré kan tí Pijó lè dákú sí tí kò ní rí ẹni tí yóò jí i. Kì í ṣe pé àwọn mẹkáníìkì wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n kọ́, ó sì tó wọn lò fún ọkọ̀ mẹ́ta. Bí a bá ń ka àǹfààní ìdí àjọlò, owó tí ilé iṣẹ́ ń dá sí ni àwọn òyìnbó máa ń kà ṣáájú, nítorí pé wàhálà àti ìnáwó tí wọn ìbá ṣe lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Èmi a máa ka ti ọmọ iṣẹ́ ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ohun tó ní ojú ní ẹ̀yìn. Àrùn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, nǹkan bí ọkọ̀ 170,000 ni Hyundai àti Kia ní láti pè padà ní Kòríà nìkan, nítorí àléébù kan nínú ẹ̀rọ tí ń darí bí iná ṣe ń wọ bátìrì. Nítorí pé ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn ń lò, àti Ioniq 5, àti Ioniq 6, àti EV6, àti GV60 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìdí tó so ọ̀pọ̀ pọ̀ ń fẹ́ ìṣọ́ra ju ìdí tó gbé ẹyọ kan lọ.

Síbẹ̀ wọn kò yísẹ̀ padà. Ìlérí tí Hyundai ṣe ní ọdún 2023 ni pé ìdí kejì ń bọ̀, tí a ń pè ní IMA, tí yóò mú kí ẹ̀yà bátìrì àti mọ́tò kan náà bá ọkọ̀ kékeré àti ńlá mu, àti pé láàárín 2026 sí 2030, ọkọ̀ tuntun 13 ni yóò jáde lórí rẹ̀ láti ọwọ́ Hyundai, Kia àti Genesis. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 wọ́n fi kún un pé àwọn yóò mú irú ọkọ̀ tí ń lo epo àti iná pọ̀ láti méje sí 14, nítorí pé àwọn òǹrajà kò sáré tẹ̀lé ti iná bí a ti rò. Mo rí ọgbọ́n níbẹ̀: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Kí ni tiwa níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ra ọkọ̀ oníná ní tuntun. Tòkunbọ̀ ni yóò bá wọlé, gẹ́gẹ́ bí Toyota àti Honda ti bá wọlé. Ohun kan wà lára Ioniq 5 tí ó wù mí ju eré lọ: ó lè fún ilé ní iná tó kìlówáàtì 3.6 láti inú bátìrì rẹ̀, èyí tí yóò gbé fìríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀, ní alẹ́ tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti gba iná tirẹ̀? Ní ibi tí ẹ̀rọ alágbára ìgbàlódé wà, ìṣẹ́jú 18 ni ó fi ń ti orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dé ìdá 80. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní ìgboro wa. Àwọn ọlọ́kadà ní Bìnẹ̀ àti Tógò ti gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Spiro, tí ó ti wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí: wọn kì í dúró de iná, wọn a yọ bátìrì tó ti tán, wọn a fi èyí tó kún sí i, wọn a sì máa bá èrò lọ. Bátìrì tó bá gbogbo alùpùpù ilé iṣẹ́ náà mu ni ó mú un ṣeé ṣe, ọgbọ́n ìdí àjọlò kan náà ni, ní ìwọ̀n tí apá mẹ̀kúnnù ká.

Ìlú tí Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá ti wá, tí orúkọ ìdílé wọn so mọ́ iṣẹ́ táyà, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, kò yẹ kí ó dúró di ìgbà tí ọkọ̀ wọ̀nyí bá dákú sí títì rẹ̀. Mo mú àwòrán ìdí E-GMP lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí ó ti ń tún Pijó ṣe láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ó wò ó pẹ́. Ó béèrè ibi tí radíétọ̀ wà, ó béèrè ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, lẹ́yìn náà ó ní, "Tíṣà, bí èèyàn bá kọ́ ọ̀kan, ṣé ó ti kọ́ gbogbo wọn nìyẹn?" Mo ní, "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá, ṣùgbọ́n iná inú rẹ̀ tó 800 fóólùtì, ẹni tí kò bá kọ́ ọ tí ó fọwọ́ kàn án, ó lè bá ikú pàdé." Ó dákẹ́, ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fọ kàbúrétọ̀ lábẹ́ igi, ó sì nawọ́ sí èyí tó kéré jù nínú wọn. Ó ní, "Ẹ bá mi wádìí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Eléyìí ni n ó rán lọ."