Fífọ Asẹ́ Omi Ẹja: Ìmọ́tótó Àṣejù A Máa Pa Ẹja

Ohun kan a máa ya ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sin ẹja nínú àpótí onígíláàsì lẹ́nu. Ní òwúrọ̀ Sátidé, olówó ẹja yóò ṣí asẹ́ tí ń sẹ́ omi àpótí náà, yóò sì rí i pé fóòmù inú rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Ojú yóò tì í. Yóò gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, yóò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun báláú, yóò sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì omi náà mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ẹja ti ń léfòó, wọ́n ń gba èémí lójú omi. Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, òmíràn ti kú nínú wọn. Olówó ẹja a máa dá ẹni tí ó ta oúnjẹ ẹja fún un lẹ́bi, a sì máa fura sí ẹni tí ó ta ẹja náà pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Fífọ̀ tí a fọ asẹ́ ní àfọ̀jù ni ó fa ikú náà. Àwọn àgbà sì ti wí pé àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sin ẹja fún ẹwà nìkan. Ó kan àwọn tí ń pamọ ẹja àrọ̀ láti tà fún àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́ja pẹ̀lú, pàápàá àwọn tí ń lo omi kan náà ní àlòtúnlò nípa fífi asẹ́ sẹ́ ẹ. Bí asẹ́ wọn bá bàjẹ́ ní ọjọ́ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja lè ṣòfò, owó àti làálàá ọ̀sẹ̀ púpọ̀ a sì bá wọn lọ.

OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ OMI

Inú omi tí ẹja ń gbé ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ó sì ń yàgbẹ́ sí. Láti ara ìgbẹ́ yìí, láti ara oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó jẹrà, àti láti inú ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí, ni oró kan ti ń jáde tí a ń pè ní amóníà. Òun ni ó ń ta ènìyàn lójú nígbà tí ó bá wọ ilé adìẹ tí a kò gbá fún ọjọ́ púpọ̀. Nínú odò, omi tí ń ṣàn a máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nínú àpótí kò ní ibi tí yóò gbà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti jó ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí, kí ó sì pa á.

Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí a ń pè ní bakitéríà, ni wọ́n ń gba ẹja sílẹ̀. Ọ̀wọ́ kan nínú wọn a máa sọ amóníà di náítíráìtì. Oró ni èyí náà ṣì jẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja lè gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara. Ẹ̀jẹ̀ náà a sì máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọbẹ̀ tí ó ti ṣíwọ́. Ọ̀wọ́ kejì ni yóò wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí ewu rẹ̀ kéré púpọ̀, tí ewéko sì ń jẹ bí oúnjẹ. Ọ̀gbẹ́ni Sergei Winogradsky, onímọ̀ tí a bí ní ìlú Kiev, ni ó rí irú àwọn bakitéríà wọ̀nyí yà sọ́tọ̀ ní ìlú Zürich ní ọdún 1890.

Àwọn bakitéríà wọ̀nyí kì í fẹ́ láti máa léfòó kiri. Ara nǹkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n sì fẹ́ràn ibi tí omi tí ó ní ọ́síjìn bá ti ń ṣàn kọjá. Nítorí náà, ilé wọn gan-an ni fóòmù, òkúta wẹ́wẹ́ àti òrùka amọ̀ sísun tí ó wà nínú asẹ́. Ohun tí ń yọ̀ lọ́wọ́ tí a rò pé ìdọ̀tí lásán ni, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbọ́ bùkátà ẹja wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó ní àpótí tuntun bá fẹ́ kí wọ́n pọ̀ tó, yóò dúró tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ọṣẹ fi lè pa wọ́n run.

BÍ A ṢE Ń FỌ̀ Ọ́

Nígbà tí omi tí ń jáde láti inú asẹ́ kò bá lágbára mọ́, àkókò ìfọ̀ tó. Kí a bu omi láti inú àpótí ẹja náà gan-an sínú korobá mímọ́, kí a ri fóòmù bọ inú rẹ̀, kí a sì rọra fún un lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin títí omi yóò fi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣì dúdú, kò burú. Kí a da omi korobá náà nù sí ìdí ọ̀gbìn, nítorí ajílẹ̀ ni.

A kò gbọdọ̀ lo ọṣẹ, a kò gbọdọ̀ lo omi gbígbóná, a kò sì gbọdọ̀ sá a sí oòrùn. Omi ẹ̀rọ pẹ̀lú léwu, nítorí pé a máa ń fi kilorínì sí i láti pa kòkòrò àrùn kí ó má bàa ṣe ènìyàn ní ibi. Kilorínì kò mọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ OHUN INÚ ASẸ́

Òwú tí ń mú ìdọ̀tí lásán ni a lè pààrọ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ya tàbí tí ó bá dí. Èédú àkànṣe tí ń mú àwọ̀ àti òórùn kúrò nínú omi a máa kún; bí ó bá ti tó nǹkan bí oṣù kan, kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóòmù àti òrùka amọ̀ kò gbọdọ̀ di jíjùnù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òrùka amọ̀ ń lò. Bí fóòmù bá ti gbó, kí a gé e sí méjì, kí a pààrọ̀ ìlàjì kan, kí a sì fi ìlàjì kejì sílẹ̀ fún bí oṣù kan, kí àwọn bakitéríà lè kọjá sí ilé tuntun kí ti àtijọ́ tó wó.

NÍGBÀ TÍ INÁ MÀNÀMÁNÁ BÁ LỌ

Bakitéríà náà ń mí. Bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, tí omi kò sì ṣàn nínú asẹ́ onídèérí mọ́, ọ́síjìn inú rẹ̀ yóò tán, wọn yóò kú, wọn yóò sì jẹrà. Ẹni tí ó bá kàn tan ẹ̀rọ nígbà tí iná dé, oró ni ó dà lé ẹja rẹ̀ lórí. Kí ó kọ́kọ́ ṣí asẹ́ náà, kí ó da omi inú rẹ̀ nù, kí ó fi omi àpótí ṣan ohun inú rẹ̀, kí ó tó tan ẹ̀rọ.

Bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀, kí a má fún ẹja ní oúnjẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a sì máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta omi lójoojúmọ́ pẹ̀lú omi tí kò ní kilorínì. Ẹni tí ó bá ní aládùúgbò tí ẹja rẹ̀ le koko lè tọrọ ẹyọ fóòmù kan láti inú asẹ́ rẹ̀, kí ó fi ṣe irúgbìn.

Kí ẹlẹ́ja àrọ̀ má sì jẹ́ kí agbára àgbà àrọ̀ tan òun jẹ. Òótọ́ ni pé ó lè gba afẹ́fẹ́ lójú omi, kí ó sì yè nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mélòó kan kò tíì ní ẹ̀yà tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Omi nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, asẹ́ sì ni omi gbẹ́kẹ̀ lé.