Bí Wọ́n Bá Fẹ́ Fẹ Ibùdó Wupa Lójú, Kí Wọ́n Rántí Àwa Ará Mararaba

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Mararaba, Ado àti Masaka, ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dimú.

Omi ìdọ̀tí tó ń jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ àárín ìlú Abuja, páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń kó o lọ sí Wupa, lápá Idu. Níbẹ̀, irin á kọ́kọ́ sẹ́ àkísà àti ọ̀rá kúrò, iyanrìn á rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n á wá máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà kí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí lè rí èémí ṣiṣẹ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan, kòkòrò ni wọ́n fi ń fọ omi! Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á silẹ̀, wọ́n á tan iná kan tó ń pa kòkòrò àrùn sí èyí tó mọ́, kó tó wọ odò Wupa.

Nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 131 lójúmọ́ ni wọ́n kọ́ ibùdó náà fún, ìyẹn omi ìdọ̀tí èèyàn 700,000. Ẹ wò ó, nígbà ètò ìkànìyàn 2006, èèyàn agbègbè olú-ìlú ti lé ní 1,400,000. Ó yẹ kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ lóòótọ́.

Àmọ́ páìpù yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wa. Sọ́kàwéè làwa ń lò. Wọ́n ní ó kéré tán kí kànga jìnnà sí sọ́kàwéè ní mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ilẹ̀ wa ńkọ́? Púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ 50 sí 100. Bí ẹ bá tiẹ̀ sá fún ti yín, ti aládùúgbò ń bẹ lẹ́yìn ògiri. Omi kànga yẹn náà la fi ń fọ abọ́. Ní 2021, àrùn onígbáméjì pa ju èèyàn 3,500 lọ ní Nàìjíríà, ó sì dé Abuja.

Bí sọ́kàwéè bá kún, a ó pe ọkọ̀ tó ń fà á. Ta ló ti bi awakọ̀ léèrè ibi tó ń dà á sí?

Ní tèmi, bí wọ́n bá sọ Wupa di ìlọ́po méjì láìsí páìpù tuntun, ará àárín ìlú nìkan ló jẹ ẹ́. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ibi tí ọkọ̀ wọ̀nyẹn yóò ti máa tú ẹrù wọn sílẹ̀ láìsanwó gọbọi, àti ibùdó kékeré tiwa níhìn-ín. Ká má dá a ṣe o. Ẹ jẹ́ ká bá àwọn Gbagyi tó gbà wá lálejò sọ ọ́, ká pe àwọn Ígbò àti Haúsá àdúgbò mọ́ ọn.

Kí onílé kọ̀ọ̀kan wọn àyè tó wà láàárín kànga àti sọ́kàwéè rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ìwé yẹn la ó kó lọ síwájú ìjọba.