Oyínkán Abáyọ̀mí: Ìyá tó fi ayé wọn tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ

Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Tí a bá ń dárúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ fún ìlú Èkó láyé àwọn òyìnbó, orúkọ ọkùnrin ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Àwọn ìyá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Òrégùn, nítòsí Ìkẹjà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọmọkùnrin tó bá ṣìwà hù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú ló ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Ọdún 1941 ni ìjọba amúnisìn ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ọ̀gá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ l'Ékòó, ìyẹn Donald Faulkner. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé orí iṣẹ́, àwọn obìnrin Èkó ti ń fi àsìkò àti owó ara wọn ṣe é. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Ìyá Oyínkán Abáyọ̀mí.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1897 ni wọ́n bí wọn. Lọ́yà Kítóyì Àjàsá, tó dá ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer sílẹ̀, ni bàbá wọn. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ nípa orin. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1920, wọ́n di olùkọ́. Ẹni tó bá rí wọn nígbà náà lè rò pé ayé ìdẹ̀ra ló kù fún wọn.

Ìbànújẹ́ kò pẹ́ dé. Ọdún 1923 ni wọ́n fẹ́ lọ́yà Mórónfólú Abáyọ̀mí. Ìgbéyàwó náà kò tíì pé oṣù mélòó kan tí wọ́n fi yìnbọn pa ọkọ wọn nínú ilé ẹjọ́. Iyàwó tuntun di opó. Ọ̀pọ̀ ì bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni Ìyá Oyínkán dojú kọ.

Láti 1909 ni ìjọba ti dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, àwọn ọmọbìnrin kò sì ní irú rẹ̀. Ìyá Oyínkán kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń tọrọ owó, wọ́n sì ń yọ ìjọba lẹ́nu. Ní 1927, Queen's College ṣílẹ̀kùn, àwọn fúnra wọn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ni níbẹ̀. Wọ́n tún di olórí ẹgbẹ́ Girl Guides ní Nàìjíríà.

Ní 1930, wọ́n fẹ́ Dókítà Kòfówórọlá Abáyọ̀mí. Ọdún 1944 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin, Nigerian Women's Party, sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bèèrè kò ṣòro láti yé ènìyàn: kí ọmọbìnrin lọ sílé ìwé, kí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé náà kọ́ ọ, kí ìjọba gba obìnrin síṣẹ́, kí wọ́n má sì fi ẹ̀tọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà dù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà yìí gbẹgẹ́. Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba fòfin de kí ọmọdébìnrin máa kiri ọjà ní ìgboro Èkó. Òtítọ́ ni pé ewu wà lójú títì. Ṣùgbọ́n láti inú igbá ọmọ yẹn ni oúnjẹ ilé mìíràn ti ń wá. Títí dòní, ẹjọ́ náà kò tíì parí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2007, síbẹ̀ a ṣì ń rí ọmọ tó ń kiri. Òfin nìkan kò tó. Bí ọwọ́ ìyá bá dilẹ̀, tí ebi sì ń pa á, ọmọ ni yóò ru igbá.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1990 ni Ìyá Oyínkán tẹ́rí gbaṣọ, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò yín, tí kò sí ìwé ìròyìn tó dárúkọ wọn rí. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń gbọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹni rere tó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere.