Ìbọn Ológun Àtijọ́: Ẹ Kà Á Kí Ẹ Tó Rà Á

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń kó ìbọn ológun àtijọ́ jọ. Wọn kì í fi í ṣọdẹ. Ìtàn tí ó wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ìtàn náà sì kàn wá ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣàbẹ́, nítorí pé irú àwọn ìbọn wọ̀nyí ti jagun nítòsí wa.

Orúkọ mẹ́ta ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Èkíní ni Chassepot ti ọdún 1866, tí a fi bébà di ẹ̀tù àti ọta rẹ̀. Èkejì ni Gras ti ọdún 1874, tí a fi idẹ di tirẹ̀. Ẹ̀tù dúdú ni àwọn méjèèjì ń lò. Ẹ̀kẹta ni Lebel ti ọdún 1886. Òun ni ìbọn ológun àkọ́kọ́ tí ó lo ẹ̀tù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí tí Paul Vieille ṣe ní ọdún 1884. Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni èyí. Ní ọdún 1892, nígbà tí ọ̀gágun Dodds gbógun ti Béhanzin, ọba Dàhòmì, Lebel wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé. Chassepot sì wà lára àwọn ìbọn tí Béhanzin rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì. Èéfín a máa tú ẹni tí ó yin Chassepot fó. Ẹni tí ó yin Lebel a sì fara pamọ́ sínú igbó.

Báwo ni a ṣe ń ka ìbọn? Lára Lebel, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì irin tí ó wà níbi tí ọta ń gbà wọlé. Ẹ óò rí orúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é: St-Étienne, Châtellerault tàbí Tulle. Lẹ́yìn náà ni “Mle 1886 M93”. “Mle” ni ìgékúrú “Modèle”. M93 sì fi hàn pé wọ́n tún un ṣe ní ọdún 1893. Nọ́ńbà ìbọn náà wà lára irin rẹ̀ àti lára igi rẹ̀. Bí àwọn nọ́ńbà náà bá dọ́gba, ìbọn náà pé. Bí wọn kò bá dọ́gba, ara ìbọn púpọ̀ ni a ti ṣà á jọ, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ń tà á lè má sọ èyí fún yín.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ewé ìpín tàbí bébà oníyanrìn họ ọ́ kí ó lè dán. Òróró díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Ìbọn tí a ti họ lẹ́tà ara rẹ̀ nù ti ya odi.

Ìbọn kan tún wà, Berthier ti ọdún 1907, tí ọta mẹ́ta ń wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí Faransé ń pè ní “tirailleurs sénégalais” ni wọ́n ṣe é fún. Orúkọ Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Dàhòmì wà láàárín wọn. Nígbà ogun 1914 sí 1918, wọ́n tún púpọ̀ nínú ìbọn náà ṣe, nítorí náà èyí tí kò yí padà ṣọ̀wọ́n. Lójú tèmi, ẹyọ kan nínú rẹ̀ sàn ju ìbọn mẹ́wàá tí ń dán lọ.

Ẹ kíyè sára o! Ọta mẹ́jọ lè fara pamọ́ sínú ọ̀pá tí ó wà lábẹ́ irin Lebel. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìbọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Faransé, àgbàlagbà lè ní ọ̀pọ̀ irú ìbọn tí ó ti wà ṣáájú ọdún 1900, bíi Chassepot àti Gras, láìgba ìwé àṣẹ. Ti Berthier kò rí bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, àdéhùn CEDEAO tí a fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006 sọ pé ìjọba ni yóò fún ènìyàn láṣẹ kí ó tó ní ìbọn. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ilé bàbá yín, ẹ má ṣe gbé e fún alágbẹ̀dẹ, ẹ má sì ṣe gbé e kiri ìgboro. Ẹ lọ fi tó àwọn ọlọ́pàá létí. Ẹ da lẹ́tà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ kọ sínú ìwé, kí ẹ sì bi àwọn àgbà ilé pé ta ni ó gbé e wálé.