Ta Ló Ń Dájọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Àmì-Ẹ̀yẹ Òṣèrébìnrin Tó Dára Jù Lọ

Ní Alápòtí níbí, bí oṣù karùn-ún bá ti ń sún mọ́lé, iyàn méjì ló máa ń gbòde: ti bọ́ọ̀lù àti ti AMVCA. Ti bọ́ọ̀lù kò kàn mí. Èkejì ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi, torí wọ́n mọ̀ pé eré ìtàgé ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ní Àgbárá àti Sàngó, tí wọ́n ń wo fíìmù lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, àwọn onídìrí, àwọn tó ń ta káàdì ìpè, kálukú ló ní ẹni tó ń gbè lẹ́yìn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Prof, ta ni yóò gba ti òṣèrébìnrin?" Èmi náà á sì bi wọ́n padà pé, ta ló ń dájọ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ̀ pé n kì í fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè láìnídìí. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tó ń dájọ́, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀.

Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ AMVCA. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ pé àwọn òǹwòran ló ni ín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ti òṣèrébìnrin sí: ọ̀kan fún eré àwàdà, ọ̀kan fún eré tó le. Ìbò àwọn èèyàn ló sì ń yan ẹni tó gbà á. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀la kò nílò ju kó ka olólùfẹ́ lọ. Funke Akindele gba ti àwàdà léraléra nítorí Jenifa's Diary, ó tún gbà á ní 2022 nítorí Omo Ghetto: The Saga. Osas Ighodaro gba ti eré tó le ní 2022 àti 2023, ọdún méjì tẹ̀léra. Bimbo Ademoye gba ti àwàdà ní 2023 nítorí Selina. N kò sọ pé wọn ò tó bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbò máa ń wọn ìfẹ́ mọ́ iṣẹ́, o ò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ìbò náà sì máa ń ṣe ohun tí ọmọ Nàìjíríà kò retí. Ní 2018, gbogbo ẹni tó wà láyìíká mi ló ti gbé ti àwàdà fún ọmọ tiwa. Nyce Wanjeri, ọmọ Kenya, ló gbà á, nítorí eré Auntie Boss. Inú bí àwọn kan! Wọ́n gbàgbé pé Áfíríkà ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọdún 2024 ni nǹkan yí padà. Wọ́n pa àwàdà àti eré tó le pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan: òṣèrébìnrin tó kó ipa aṣíwájú. Wọ́n sì gbé ìdájọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìbò, ó di ti ìgbìmọ̀ adájọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fiyè sí i. Iyàn ọdún tó kọjá ni wọ́n tún ń jà lórí pápá tuntun.

Ẹ wo ẹni tó wà lórí ìlà lọ́dún náà. Funke Akindele wà níbẹ̀ nítorí A Tribe Called Judah. Kehinde Bankole wà níbẹ̀ nítorí Adire. Ireti Doyle, Omowunmi Dada àti Segilola Ogidan náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò mi, ẹni méjì péré ni wọ́n ń jà lé lórí, Funke àti Kehinde, apá Funke ló sì pọ̀ jù. Ẹ̀rí wọn kò ju ẹyọ kan lọ: fíìmù náà ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá wa. "Prof, bílíọ̀nù kan! Ta ló fẹ́ bá a dù ú?" Mo ní owó náà, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kà á. Adájọ́ kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan wà tó mú ìdíje yẹn dùn fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́. Adeoluwa Owu ló darí Adire. Òun kan náà ló bá Funke Akindele darí A Tribe Called Judah. Nítorí náà, a kò lè sọ pé olùdarí ọ̀kan ló mọṣẹ́ ju ti èkejì lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ìtàn ṣe gbé obìnrin inú rẹ̀.

Jedidah, ìyá inú A Tribe Called Judah, bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àìsàn dé, owó ìtọ́jú kò sí, làwọn ọmọ bá pinnu láti lọ jalè ní ilé-ìtajà ńlá kan. Funke ṣe é dáadáa. Ó jẹ́ kí n rí ìyá tó ń bú ọmọ, tí èébú náà sì jẹ́ ìkẹ́. Ṣùgbọ́n bí olè jíjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ ni ìtàn bọ́ sí. Ìyá di ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń mú un ṣẹlẹ̀ mọ́. Nínú Adire ńkọ́? Obìnrin tó ti ṣe aṣẹ́wó rí sá wá sí ìlú kékeré, ó ń ta àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin, ìlú tó gba ìsìn gbọ́ gan-an sì dà rú. Kò sí ibi tí ìtàn yẹn lè yà sí tí kò ní fi ẹsẹ̀ kọ Kehinde Bankole. Òun ló ní ìbẹ̀rẹ̀, òun ló ní òpin. Àti pé ó mọ bí a ṣe ń dákẹ́: ó máa ń jẹ́ kí ojú ẹ̀dá-ìtàn náà sọ nǹkan kan nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń sọ òmíràn. Àwọn adájọ́ fẹ́ràn irú ẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 2024, Kehinde ni wọ́n pè sórí ìtàgé.

Ìdájọ́ náà dára lójú mi. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ìyẹn pípa àwàdà pọ̀ mọ́ eré tó le, kò tíì wọ̀ mí lára. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé apanilẹ́rìn-ín ni yóò san owó rẹ̀. Ẹni tó ń sunkún, gbogbo ayé rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, a rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹ bi ẹni tó bá mọ iṣẹ́ Moses Olaiya, Baba Sala wa: bí ọ̀rọ̀ bá yá jù díẹ̀, ẹ̀rín sọnù, bí ó bá pẹ́ jù díẹ̀, ẹ̀rín sọnù. Ẹkún kò le tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń dúró deni.

Ní ilẹ̀ Ọ̀tà yìí, àwọn baba wa kò fi àwàdà ṣe ọmọ ìyá kejì. Òru Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán. Ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ ló ń bá ìlú wí, tó ń ṣàdúrà fún ìlú, tí ìlú sì ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé ẹni yẹn ni a ó pè ní onísàn-án-sán?

Ẹni tó bá ní adájọ́ kì í fún aláwàdà ní nǹkan kan náà ti sọ àsọdùn o. AMAA, tí olóògbé Peace Anyiam-Osigwe dá sílẹ̀ ní 2005, ìgbìmọ̀ adájọ́ ló ń lò. Àwọn ló sì fún Funke Akindele ní ti òṣèrébìnrin ní 2009 nítorí Jenifa, fíìmù Yorùbá tí gbogbo ilé ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe nígbà náà.

Àwọn òyìnbó náà kò tíì fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Golden Globes ya àwàdà àti eré orin sọ́tọ̀, Oscar kò yà á. Ní oṣù kìíní 2025, Demi Moore gba ti Golden Globes ní apá àwàdà. Lẹ́yìn náà ó tún gba ti ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, làwọn kan bá ní ó ti parí. Mikey Madison ló gba Oscar ní oṣù kẹta. Àwọn yẹn tilẹ̀ ní àmì tí wọ́n ń wò lọ́nà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àwa kò ní.  Nítorí náà, owó ilé sinimá àti ariwo orí fóònù làwọn èèyàn fi ń ṣe ìwọ̀n, méjèèjì kò sì dé ọ̀dọ̀ adájọ́.

Ní 2025, Chioma Chukwuka ló gbà á, nítorí Seven Doors tí Femi Adebayo ṣe. Amaka ni ó ṣe níbẹ̀, ọmọ Igbo tó fẹ́ ọba Yorùbá, tó wá di dandan kí ọkọ rẹ̀ fẹ́ àwọn ìyàwó mìíràn. Kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí. AMAA ti fún un ní tirẹ̀ ní 2007. Ìyàwó ọba tó ń rẹ́rìn-ín níwájú ìjòyè tó sì ń jó nínú, ipa tó wúwo nìyẹn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé tí àwọn adájọ́ yóò yan obìnrin tó ń farada ìyà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì kò tíì di òfin, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń gbé ní Ìgbẹsà fajú ro. Ó ní kí ló dé tí ọmọ Igbo fi wá gba oyè nínú eré àwọn Yorùbá, nígbà tí àwọn òṣèrébìnrin tiwa ń fi Yorùbá ṣeré láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ibi tí bàtà ti ń ta ẹ lẹ́sẹ̀ kọ́ lò ń tọ́ka sí un. Oyè fíìmù èdè abínibí wà ní AMVCA lóòótọ́. Lisabi: The Uprising gbà á lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n fíìmù ni wọ́n ń fún, wọn kì í fún òṣèré. Obìnrin tó bá fi Yorùbá nìkan ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn adájọ́ kan lè máa ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ dípò kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn náà sì ni ìdajì iṣẹ́.

Ó ní, "Prof, ẹ̀yin ẹ ṣáà dárúkọ ẹni tó máa gbà á lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo ní kó kọ́kọ́ dárúkọ fíìmù mẹ́ta tó ti wò tán lọ́dún yìí, láìfo ibì kankan. Ó dárúkọ ọ̀kan, ó ń ro èkejì títí bọ́ọ̀sì rẹ̀ fi dé.