Ìkòkò Ìyá Olóúnjẹ àti Owó-Oṣù Olùkọ́

Láti ọdún 2015 títí di 2018, ohun méjì tó tako ara wọn ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé iléèwé kan náà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ kíláàsì kìíní dé ìkẹrin ń jẹun ọ̀sán láìsan kọ́bọ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn, bí ipò rẹ̀ bá ti ga díẹ̀, kò rí owó-oṣù rẹ̀ gbà pé. Ìjọba kan náà ló ń bọ́ ọmọ, òun náà ló ń gé owó olùkọ́. Mi ò mọ ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá tí èèyàn ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀ràn àlàáfíà inú kíláàsì tó báyìí, nítorí wọ́n ṣe ọ̀kan, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀, gbogbo wa sì rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Lóde òní, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà ara àti ọkàn níléèwé, ọmọ nìkan lojú ń wò. Olùkọ́ ńkọ́? Wọ́n á ní èrè tirẹ̀ ń bẹ lọ́run. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú, torí ayé níbí ni olùkọ́ ti ń san owó ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìkòkò wò. Kì í ṣe ọdún 2012 tí ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá sọ ètò náà di O'Meals ni Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ ọmọ iléèwé. Ìjọba àpapọ̀ ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ láyé Ọbásanjọ́, wọ́n ní kí àwọn ìpínlẹ̀ kan dán an wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáwọ́. Ọ̀ṣun kò jáwọ́, ìyẹn sì jẹ́ ohun tó yẹ ká yìn wọ́n fún. Ní 2012, wọ́n fẹ ètò náà lójú. Obìnrin tó lé ní 3,000 ni wọ́n gbà pé kí wọ́n máa se oúnjẹ, ọmọ tó ń jẹ nínú rẹ̀ lójúmọ́ sì lé ní 200,000. Ìrẹsì, ẹ̀wà, iṣu, ẹyin, ẹja, ẹran adìẹ, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀: ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn adìẹ inú ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti dúró níwájú kíláàsì ọmọ kéékèèké rí kò nílò àlàyé lórí ohun tí abọ́ oúnjẹ yẹn ń ṣe. Ọmọ tí ebi ń pa kì í sábà sọ pé ebi ń pa òun. Á ní orí ń fọ́ òun. Á gbé àgbọ̀n lé orí dẹ́sìkì, ojú rẹ̀ á wà lára pátákó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó ka ohun tí ẹ kọ síbẹ̀, ẹnu yín ni yóò máa wò. Nígbà tó bá fi máa di agogo mọ́kànlá, á ti gbá ẹni tó jókòó tì í létí láìnídìí. Ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ wá wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ sókè: “Àǹtí, èmi! Àǹtí, èmi!” Àwọn àgbà tó ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, kò sí àsọdùn nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ìkòkò yìí sì tu olùkọ́ náà lára, èyí tí àwọn tó ń ṣírò èrè ètò náà kì í sábà kà mọ́ ọn. Kí oúnjẹ tó dé, àpò tíṣà ni búrẹ́dì àti ẹ̀kọ ọmọ tí kò jẹun wá ti ń jáde. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kì í dá a padà. Nígbà tí ìyá olóúnjẹ gbé kúlà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ẹrù kan kúrò léjìká olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ń rù.

Ṣùgbọ́n ìkòkò náà ní ibi tó mọ. Ìkẹrin ló parí sí. Ọmọ kíláàsì karùn-ún á jókòó sí yàrá kejì, á máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀, àbúrò rẹ̀ á jẹ, òun á mu omi. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún gbé tiwọn dé káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2016, kíláàsì kẹta ni tiwọn parí sí, ₦70 ni wọ́n sì bù fún oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́. Ẹni tó bá ń ná ọjà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ₦70 láàárín ọdún díẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ owó-oṣù ló gùn jù, torí ibẹ̀ la kì í wò.

Ní ìparí ọdún 2014, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà l'Ábújá sì já pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀ṣun ti jẹ gbèsè sílẹ̀ lórí iṣẹ́ ńláńlá, ó sì wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Oṣù mélòó kan kọjá ní 2015 tí òṣìṣẹ́ ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pín in: ipele kìíní sí ìkeje ń gba owó wọn pé, ipele 8 sí 10 ń gba 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ipele 12 lọ sókè ń gba ìdajì. Olùkọ́ tó ní NCE, ipele keje ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba oyè yunifásítì, ìkẹjọ. Ìyẹn ni pé bí olùkọ́ bá ṣe pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó, tó sì kàwé kún ìwé tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé tirẹ̀ tó. Ọ̀jáfáfá tó ti lo ogún ọdún, tí àwọn ọmọdé tíṣà ń sá tọ̀ fún ìmọ̀ràn, òun ló ń mú ìdajì lọ sílé.

Gbèsè kò mọ̀ pé owó ti di ìdajì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn láti fi kọ́lé tàbí láti fi san owó iléèwé ọmọ. Nígbà tí owó-oṣù pé ni wọ́n ti ṣe àdéhùn iye tí wọn yóò máa yọ lóṣooṣù. Owó-oṣù dín, àdéhùn kò dín. Fún ẹlòmíràn, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ tiwọn tán kò tó owó ọkọ̀ tí yóò fi lọ iléèwé, tí yóò fi bọ̀, kí oṣù náà tó parí.

Kí ni irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé wọ kíláàsì? Ara rẹ̀ á wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ onílé. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá á gun ara wọn lórí tábìlì, torí lálẹ́ tó yẹ kó máàkì í, ọmọ ọlọ́mọ ló ń kọ́ ní lẹ́sìnnì kó lè rí owó gaàrí. Ẹlòmíràn á gun ọ̀kadà lẹ́yìn iléèwé, ẹlòmíràn á ti oko dé kó tó wọ kíláàsì. Ohùn á le. Ọmọ á béèrè ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta á di ẹgba. Ọmọ náà ti yó o, ìrẹsì àti ẹyin wà níkùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í nawọ́. Níbí ni ohun méjèèjì ti pàdé: ohun tí ìyá olóúnjẹ ṣe ní agogo mọ́kànlá lè bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán.

Àwọn kan á ní owó-oṣù pípé kì í sọ ọ̀lẹ di òṣìṣẹ́. Òótọ́ ni. Kì í sì í dín èrò kù nínú kíláàsì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ọmọ 35 ni kó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ iléèwé ìjọba nígboro, kí ẹ ka orí. Ẹ tún wo òfin ọdún 2022, èyí tó gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti 60 lọ sí 65, tó sì sọ ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ di 40. Wọ́n pè é ní oore. Oore ni fún ẹni tí iṣẹ́ ṣì wù. Fún ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, tó ń fi gbogbo ọjọ́ dúró níwájú ọmọ tó kún yàrá, ọdún márùn-ún sí i láìdín ẹrù kù kì í ṣe àlàáfíà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, tí wọ́n bá gbé méjèèjì síwájú mi pé owó ò tó, kí n sọ èyí tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, owó-oṣù olùkọ́ ni n ó mú. Kò rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀, torí mo mọ ojú ọmọ tí ebi ń pa. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé nígbà tí ìkòkò ò bá sí, ìyá á wá nǹkan bù, aládùúgbò á ṣe é, tíṣà fúnra rẹ̀ á ya búrẹ́dì sí méjì, bó ti ń ṣe látijọ́. Kò ní tó, ṣùgbọ́n yóò wà. Bí ọkàn olùkọ́ bá kúrò nínú kíláàsì, kò sí aládùúgbò tó lè bá wa fi tirẹ̀ dí i. Olùkọ́ tí wọ́n sanwó fún lè ṣàánú ọmọ tí ebi ń pa. Abọ́ ìrẹsì kò lè ṣàánú olùkọ́ tó jẹ gbèsè.

Ohun tó jẹ́ kí ìjọba yàn lódì sí èyí kò ṣòroó mọ̀. Oúnjẹ ṣeé yà ní fọ́tò. Gómìnà lè jókòó ti ọmọ kó gbé ṣíbí sẹ́nu. Ta ló fẹ́ ya fọ́tò áláàtì báńkì? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí ojú ò tó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gé nǹkan nígbà tí ọwọ́ bá há. Gbèsè ìdajì owó yẹn kò sì tíì kúrò nílẹ̀ nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá parí sáà rẹ̀ ní 2018. Nígbà tí ìjọba Adémọ́lá Adélékè gorí àlééfà ní ìparí ọdún 2022, ó ṣì wà lára ohun tí wọ́n bá nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó jẹ ìrẹsì ọ̀fẹ́ ní 2015 ti wọ iléèwé girama kí olùkọ́ rẹ̀ tó gba àjẹsílẹ̀ owó ọdún náà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni da ìkòkò nù. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí wọ́n yọ owó méjèèjì sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó afárá àti pápákọ̀ òfuurufú, kí olùkọ́ sì ṣáájú nígbà tí ọ̀dá owó bá dé. Ohun kékeré kan tún wà tí kò ní ná ìpínlẹ̀ kankan ní owó púpọ̀: iye ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìyá olóúnjẹ, kò sí olùkọ́ nínú rẹ̀. Kí wọ́n kà á mọ́ ọn. Kí olùkọ́ kíláàsì jókòó, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọ jẹun fún ogún ìṣẹ́jú. Á rí ẹni tí kò jẹ tirẹ̀ tán, á rí ẹni tó ń fi ẹyin pa mọ́ sí àpò fún àbúrò nílé, á sì mọ ẹni tó yẹ kó pè sí kọ̀rọ̀ bí oúnjẹ bá tán.